Ṣé Ọ̀gbẹ̀rì Lè Ya Pápá Gọ́ọ̀fù Tó Dára?

Henry Fownes kò kọ́ iṣẹ́ yíya pápá níbì kankan. Òwò irin ló sọ ọ́ di olówó ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1903, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ àti ìbaaka lọ sí ilẹ̀ oko kan lẹ́yìn ìlú, ó ń tọ́ka, wọ́n ń gbẹ́. Pápá Oakmont nìyẹn. Kò ya òmíràn mọ́ títí ó fi kú. Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ti gbá ìdíje US Open níbẹ̀, kò sì sí pápá mìíràn tó tíì gbà á lálejò tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2025 tí wọ́n gbá a níbẹ̀ kẹ́yìn, nínú gbogbo ọ̀gá tó wá láti ìhín àti ọ̀hún, J.J. Spaun nìkan ṣoṣo ni ìgbá rẹ̀ dín sí páà, ìyẹn iye ìgbá tí pápá retí lọ́wọ́ ẹni tó mọ eré náà dunjú.

Mo fi Fownes ṣáájú nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti gbọ́ láìmọye ìgbà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á gbá tiwọn tán, wọn á jókòó ti ohun mímu, ẹnìkan á wá sọ pé ká ní òun ni wọ́n fún ní ilẹ̀ yìí, pápá tí òun ì bá yà ì bá dára ju èyí lọ. Àwọn yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Títọ́jú pápá ni iṣẹ́ mi. Mo ti ṣe é ní Ìlú Ọba, mo ti ṣe é nílé, lórí ilẹ̀ yanrìn àti lórí ilẹ̀ amọ̀, mo sì ti rí ohun tí òjò máa ń ṣe sí àwòrán tó lẹ́wà lórí ìwé. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọ̀gbẹ̀rì lè yà á, àní kó yà á débi tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á fi wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ènìyàn rò pé yóò ti kọsẹ̀ kọ́ ni ó ti máa ń kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwọn tí à ń pè ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láyé àtijọ́. Ní St Andrews ní Scotland, kò sí ẹni tí a lè dárúkọ pé òun ló ya Old Course. Afẹ́fẹ́ òkun, ẹran ọ̀sìn àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbá a ló yà á díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló so àwọn ihò kan pọ̀ ní ọdún 1764, tí 22 fi di 18, òun náà ni gbogbo ayé ń lò títí dòní. Nígbà tí eré náà wá tàn ká Britain àti Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń wá pápá tirẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ pe ọ̀gá agbágọ́ọ̀fù kan láti Scotland. Onítọ̀hún á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, á rìn yí ilẹ̀ ká, á ri igi mọ́lẹ̀ níbi tí wọn yóò ti máa bẹ̀rẹ̀ àti níbi tí ihò yóò wà, á gbowó rẹ̀, á sì wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní láárí. Irú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ̀rì tó ní sùúrù fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, kò sì yẹ kó yani lẹ́nu.

Merion, lẹ́yìn Philadelphia, ni mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ẹgbẹ́ náà yan ènìyàn márùn-ún láàárín ara wọn pé kí wọ́n ṣètò pápá tuntun. Olórí wọn, Hugh Wilson, iṣẹ́ ìbánigbófò ló ń ṣe. Ó gbá gọ́ọ̀fù dáadáa nígbà tó wà ní Yunifásítì Princeton, ṣùgbọ́n kò ya pápá rí. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ìmọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn nípa kíkọ́ pápá àti títọ́jú koríko kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọmọ ẹgbẹ́ lásán lọ. Wọ́n wá tọ Charles Blair Macdonald lọ, ẹni tó ń kọ́ National Golf Links lọ́wọ́ ní Long Island, wọ́n bá a gbé fún ọjọ́ méjì, wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n ń rìn lórí ilẹ̀, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1912 Wilson wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Britain láti lọ fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn pápá etí òkun. Wọ́n ṣí Merion ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Ìtàn kan wà nínú iṣẹ́ Merion tó ń wú mi lórí. Ilẹ̀ náà kò fẹ̀, ó kù díẹ̀ kí àwọn ihò tó gbẹ̀yìn gba ibi tó yẹ kí wọ́n gbà. Richard Francis, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, jókòó ti máàpù lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì rí i pé bí wọ́n bá fi igun ilẹ̀ kan tí wọn kò lò pààrọ̀ òmíràn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé H.G. Lloyd tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, ó sọ èrò náà fún un, Lloyd sì gbà. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, tó ní pápá mẹ́fà mìíràn tó ń dúró dè é, kì í gun kẹ̀kẹ́ lóru nítorí ihò kan.

Ohun tí Wilson ṣe nípa koríko tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Kò mọ irú èso tó yẹ kó gbìn, ó sì kọ lẹ́tà sí Charles Piper ní Ẹ̀ka Ìjọba fún Ọ̀gbìn ní Washington ní ọdún 1911. Piper àti Russell Oakley, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, dá a lóhùn. Ó tún kọ, wọ́n tún dá a lóhùn, lẹ́tà ń lọ lẹ́tà ń bọ̀ títí Wilson fi kú ní ọdún 1925. Láàárín ìgbà náà, ní ọdún 1920, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà dá Green Section sílẹ̀ láti máa ṣèwádìí nípa koríko pápá, Piper sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni èmi àti ẹgbẹ́ mi fi ń jẹun lónìí. Ọ̀gbẹ̀rì tó béèrè ọ̀rọ̀ ló dá a sílẹ̀ fún wa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, Wilson sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí US Open padà sí Merion ní ọdún 2013, pápá náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, gígùn rẹ̀ kò sì pé 7,000 yáàdì. Justin Rose tó gbégbá orókè fi ìgbá kan ju páà lọ.

George Crump ní tirẹ̀, onílé ìtura ni ní Philadelphia. Ó ra ilẹ̀ bí 184 éékà nínú igbó páìnì ní New Jersey, ó sì kó lọ síbẹ̀ láti máa gbé. Ó hú igi débi tí kò ṣeé kà. Ó pe H.S. Colt, ayapápá láti Ìlú Ọba, ní ọdún 1913 kó wá wo ìlànà tí òun ti là. Colt tún àwọn nǹkan kan ṣe, Crump gba èyí tó rí i pé ó dára, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Á gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, á gbá a, á wo ibi tó bọ́ sí, á tún un gbá, á pe àwọn ọ̀rẹ́ kí wọ́n gbá a lójú òun. Koríko bá a fà á gidigidi nítorí yanrìn ibẹ̀ kì í mú omi dúró. Nígbà tó kú ní oṣù kìíní ọdún 1918, ihò 14 ló ti parí. Hugh Wilson àti Alan arákùnrin rẹ̀ ló bá a parí mẹ́rin tó kù. Orúkọ pápá náà ni Pine Valley. Bí wọ́n bá ń to àwọn pápá tó dára jù lọ láyé, ipò àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Ẹni tó yà á kò rí i kó parí.

Macdonald tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, oníṣòwò ìpín ìdókòwò ni, kì í sì í gba owó iṣẹ́ lórí pápá tó bá yà. Igbéraga rẹ̀ kò kéré, gbogbo ẹni tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ló sọ ọ́. Síbẹ̀ nígbà tó fẹ́ kọ́ National, ó gba Seth Raynor síṣẹ́, onímọ̀ ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ilẹ̀ àti fífa omi kúrò, tí kì í gbá gọ́ọ̀fù rárá. Macdonald mọ ohun tó yẹ kó wà lórí ilẹ̀. Raynor mọ bí ilẹ̀ yóò ṣe gbà á. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo àwọn ihò tí Macdonald wò káàkiri Scotland lọ.

Mo ti débi tí mo ń lọ wàyí. Bí a bá béèrè ohun tó ṣòro nínú yíya pápá, agbágọ́ọ̀fù á sọ pé èrò ni: ibi tí bọ́ńkà, ìyẹn kòtò yanrìn, yóò wà, bí ihò kan yóò ṣe dán ọgbọ́n ènìyàn wò. Rárá o. Èyí gan-an ni ọ̀gbẹ̀rì tó mọ eré gbá lè ṣe dáadáa. Jack Neville, ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan ní California, kò ya pápá rí nígbà tí wọ́n ní kí òun àti Douglas Grant ya Pebble Beach. Ó rìn ín, ó sì rí i pé bí àwọn ihò bá lọ tí wọ́n sì yí padà bíi nọ́ńbà 8, púpọ̀ nínú wọn yóò lè gba etí òkun. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1919, púpọ̀ nínú ìlànà náà ni wọ́n sì ń gbá dòní. Ojú rere lásán kọ́ ni mo fi ń sọ pé èrò ọlọ́pọlọ ni. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi pe Chandler Egan kó wá tún àwọn gríìnì (ibi koríko kúkúrú tó yí ihò ká) àti bọ́ńkà ibẹ̀ ṣe kí ìdíje ńlá ọdún 1929 tó dé. Ọ̀nà tí ọ̀gbẹ̀rì là dúró. Gríìnì rẹ̀ kò dúró.

Omi ló máa ń mú ọ̀gbẹ̀rì. Agbágọ́ọ̀fù ń wo ilẹ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, nítorí ìgbà yẹn ni ó máa ń gbá eré rẹ̀. Èmi a máa wò ó nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ilẹ̀ tó bá dà bíi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ó burú jù, nítorí omi kò rí ibi tí yóò gbà lọ. A fẹ́ kí ọ̀nà koríko tí bọ́ọ̀lù ń gbà dagun díẹ̀, ó kéré tán kó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì relẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kí omi lè máa rìn. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pinnu pé ihò kan ti rọrùn jù, wọ́n sì gbẹ́ bọ́ńkà sí ìsàlẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ tó wà níwájú gríìnì. Ibẹ̀ ni ó yẹ kó wà lóòótọ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ eré. Ibẹ̀ náà ni gbogbo omi òkè yẹn ń gbà kọjá. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀, gbogbo òwúrọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ wa ń fi ẹ̀rọ fa omi, tí wọ́n ń kó yanrìn tó ya lulẹ̀ padà sókè pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ẹni tó dábàá bọ́ńkà náà ń sùn nílé rẹ̀. Wọ́n dí i ní ìgbẹ̀yìn.

Gríìnì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti òkè, koríko tó kúnná ni ènìyàn ń rí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìlànà tí ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1960 ni pé kí a tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn tó íǹṣì 4, kí páìpù wà lábẹ́ rẹ̀, kí a sì da yanrìn tí a pò lọ́nà tó yẹ lé e lórí ní íǹṣì 12. Yanrìn náà á di omi mú ní ìwọ̀n tí gbòǹgbò lè mu. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á jò lọ sínú òkúta. Ẹni tó kó ilẹ̀ amọ̀ jọ tó gbin koríko lé e á yọ̀ fún oṣù díẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn á tẹ̀ ẹ́ pa, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé, koríko á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ìsàlẹ̀.

Dídagun rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ̀rì fẹ́ràn gríìnì tó ń yí gbirigbiri, nítorí irú rẹ̀ ni ó rí nínú àwòrán pápá àtijọ́. Àmọ́ koríko àtijọ́ gùn ju tòní lọ. Ní ọdún 1935, Edward Stimpson wo US Open ní Oakmont, ó rò pé gríìnì ibẹ̀ ti yá ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fi igi ṣe ohun èlò kan tí a ń yí bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ láti mọ bí gríìnì ṣe yá tó. (Ọ̀gbẹ̀rì lòun náà o, agbágọ́ọ̀fù tí kì í fi í jẹun.) Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín irú rẹ̀ fún àwa olùtọ́jú pápá ní ọdún 1978, gríìnì tí bọ́ọ̀lù ń yí ní ẹsẹ̀ bàtà 7 wọ́pọ̀. Ní ìdíje ńlá lónìí, ó máa ń tó 12 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó bá dagun ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, mi ò lè gbẹ́ ihò síbẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù kò ní dúró. Gríìnì á fẹ̀ lójú, ibi tí ihò lè wà á sì kéré, ojú kan náà ni gbogbo ènìyàn á máa tẹ̀ títí koríko ibẹ̀ á fi pá.

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀gbẹ̀rì máa ń ya pápá fún ara rẹ̀. Bí òun bá ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, á ní kí gbogbo ènìyàn fò kọjá omi. Ó gbàgbé ìyá àgbà tó ń gbá tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbàgbé ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Alister MacKenzie, dókítà oníṣègùn tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó di ayapápá, fi yé wa nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1920 pé kí pápá dùn mọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń gbá a ni ohun tó yẹ ká lé. Nígbà tí òun àti Bobby Jones jọ ya Augusta National, Jones, agbẹjọ́rò tí kò gbowó gbá gọ́ọ̀fù rí nínú ìdíje, ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù kiri ilẹ̀ náà kí wọ́n lè mọ ibi tí yóò bọ́ sí. Oníṣègùn àti agbẹjọ́rò ni wọ́n.

Mo ní láti sọ ohun kan tí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn wọ̀nyí kì í sọ. Olówó ni Fownes, olówó ni Crump, olówó ni Macdonald. Wọ́n ní àkókò, wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n sì lè wó ohun tí kò dára kí wọ́n tún un kọ́. Àwọn ọ̀gbẹ̀rì tó kùnà láyé ìgbà náà pọ̀ ju àwọn tó yege lọ fíìfíì, pápá wọn ti di ilé, ó ti di oko, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ wọn. Àwọn tó yege pàápàá kò dá a ṣe. Emil Loeffler ń tọ́jú koríko Oakmont fún ìdílé Fownes, Joe Valentine ń tọ́jú ti Merion. Fownes àti William ọmọ rẹ̀ kò kúrò ní Oakmont, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un tún. Èyí ni mo rò pé ó fún ọ̀gbẹ̀rì ní àǹfààní tó ga jù: ó ń gbé pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí pápá, kò sì mọ ohun tí ọdún kẹta mú wá.

Nílé níbí, ọ̀gbẹ̀rì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gé pápá gọ́ọ̀fù. Wọn kò ní ẹ̀rọ omi tó lè gbé gríìnì la ẹ̀ẹ̀rùn já, wọ́n sì ṣe bráwùn dípò rẹ̀: yanrìn tí wọ́n po mọ́ epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó dán. Kádì, ọmọ tó ń bá agbágọ́ọ̀fù gbé igi rẹ̀, á fa ohun èlò kọjá lórí rẹ̀ kó lè tẹ́, kí ọ̀gá tó gbá tirẹ̀. N kò fara mọ́ epo náà, ó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún èrò tó wà níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ àti òjò tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n wò, wọn kò fi ipá gbé Scotland wá sí ilẹ̀ olóoru. Mo ti rí pápá aláràbarà nílẹ̀ yìí tí wọ́n sanwó ńlá fún, tí ẹni tó yà á kò béèrè ibi tí omi yóò ti wá ní oṣù kejì.

Nítorí náà, ìwọ tí o ní ilẹ̀ tí o sì ń lá àlá ihò mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìlú, mi ò ní sọ pé kí o má ṣe é. Rìn ín nínú òjò kí o tó rìn ín nínú oòrùn. Má jẹ́ kí ihò àkọ́kọ́ kọjú sí ìlà oòrùn, má sì jẹ́ kí èyí tó gbẹ̀yìn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Jẹ́ kí gríìnì kan súnmọ́ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e. Ibi tí bọ́ńkà yóò wà, ìwọ ni kí o pinnu rẹ̀, kí o má sì bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí katapílà tó wọlé, san owó fún ẹni tó mọ ọ̀nà omi, kí o sì pe ẹni tí yóò máa gé koríko náà fún ogún ọdún tó ń bọ̀, kí ó jókòó tì ọ́ nígbà tí o bá ń ya àwòrán rẹ. Bí o kò bá lè sanwó fún àwọn méjèèjì yìí, fi ilẹ̀ náà gbin ẹ̀gẹ́.